Íńdíà 99, Nàìjíríà 1: Ta Ló Wà Níbẹ̀?

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ owó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ká sọ ti bọ́ọ̀lù.

Gbogbo wa la mọ ìtàn bọ́ọ̀lù Íńdíà àti Nàìjíríà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà ò tà, ní ibùdókọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n ní Íńdíà fi ìdán gbá gólì 99 wọlé. Bí aṣọ́lé wa bá fẹ́ mú bọ́ọ̀lù, á di iná, á di kìnnìún. Íńdíà wá ní bí Nàìjíríà bá lè gbá ẹyọ 1 péré wọlé, Nàìjíríà ló borí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbá a wọlé lóòótọ́, ó ṣubú, ó kú. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni FIFA ti lé Íńdíà.

Ẹ bi wọ́n pé ta ló kú. Àwọn kan á ní Samuel Okwaraji, àwọn mìíràn á ní Teslim Balogun, ẹni tí wọ́n ń pè ní “Thunder”. Ọdún wo? Pápá wo? Ibẹ̀ ni kálukú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn.

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ìdáhùn sí. Ẹgbẹ́ wọn kan, RSSSF, bẹ̀rẹ̀ ní January 1994. Wọn kì í gba owó oṣù. Èsì bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ, ọjọ́, ìlú àti iye gólì, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé wa ṣe ń kọ owó tí kálukú dá sínú ìwé. Ẹ tú àkọsílẹ̀ wọn títí, ẹ ò ní rí 99 sí 1 láàárín àwa àti Íńdíà. Okwaraji kú lórí pápá lóòótọ́, ó mà ṣe o, ṣùgbọ́n 12 August 1989 ni, ní National Stadium, Surulere, Àngólà la sì ń bá gbá láti lọ sí World Cup 1990. Balogun ní tirẹ̀ kò kú lórí pápá kankan. Ọdún 1972 ló jáde láyé.

Èyí tó dùn mí ni pé irọ́ yìí ti bo òótọ́ kan tó dùn jù ú lọ mọ́lẹ̀. Ní August 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi MV Apapa ní Èkó, ó di Liverpool. Etim Henshaw ni balógun wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù, níwájú òyìnbó tó wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ní 31 August, wọ́n pàdé Marine ti ìlú Crosby, wọ́n sì fi gólì 5 sí 2 nà wọ́n! Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù 9 tí wọ́n gbá lọ́hùn-ún, wọ́n borí nínú 2, wọ́n gbá ọ̀mì 2, wọ́n sì pàdánù 5.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, wọ́n sì na Sierra Leone ní gólì 2 sí òdo ní 8 October 1949. Èyí gan-an ni wọ́n kà sí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá, torí ẹgbẹ́ kéékèèké àti ti líìgì ni àwọn tí wọ́n bá pàdé ní Ìlú Ọba.

Balogun wà lára àwọn 18 yẹn. Ó padà lọ sí Ìlú Ọba ní 1955, ó gbá fún Peterborough United, lẹ́yìn náà ó gbá fún Queens Park Rangers, ó sì jẹ gólì 3 nínú bọ́ọ̀lù líìgì 13 níbẹ̀. Ẹni tí a ní Íńdíà pa nìyẹn o.

Níbo wá ni Íńdíà ti wọ̀ ọ́? Lójú tèmi, ẹsẹ̀ lásán ló fà á. Ní Olympics London 1948, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Íńdíà náà kò wọ bàtà nígbà tí Faransé fi gólì 2 sí 1 nà wọ́n. Wọn ò sì lọ sí World Cup ti Brazil ní 1950, àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé bàtà ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ, àwọn mìíràn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ da ìyẹn pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ wa, ẹ bu ìdán sí i, ó di 99 sí 1.

Tiwa ńkọ́, ní Ìfọ́n àti Ìlobùú níbí? Bí fọ́tò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé àtijọ́ bá wà lára ògiri ilé yín, àwọn ọmọkùnrin tó tò, bọ́ọ̀lù níwájú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ pe àgbàlagbà tó bá ṣì mọ̀ wọ́n, kó dárúkọ wọn láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Ẹ kọ orúkọ, ọdún, àti iléèwé tí wọ́n bá gbá sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́ o, bírò a máa hàn síwájú.