Ilé Òkúta Etí Òkun ní Osu

Àwọn àgbà tí wọ́n ṣòwò dé Ghana kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò jáde ní 1969 yóò rántí ilé funfun ràgàjì kan ní etí òkun ní Accra, ní àdúgbò Osu. Christiansborg ni orúkọ rẹ̀. Ilé náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín 2008 sí 2013: ṣé ó yẹ kí ààrẹ máa ṣe iṣẹ́ ìlú nínú ilé tí wọ́n ti ń de ẹrú mọ́lẹ̀ rí?

Àwọn ará Denmark ni wọ́n kọ́ ọ ní 1661. Wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà. Nígbà tó yá, wọ́n ń ra ènìyàn. Inú yàrá òkùnkùn ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ń kó ẹrú sí títí ọkọ̀ yóò fi dé. Òfin tí ọba Denmark ṣe ní 1792 fi òpin sí òwò náà láti 1803, ó kéré tán lórí ìwé.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1693, oníṣòwò ará Akwamu kan tí ń jẹ́ Asamani kó ọkùnrin 80 wá sí ilé náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ìbọn. Oníbàárà ńlá mà ni! Àwọn òyìnbó kó ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ẹ̀tù àti ọta ti wà lábẹ́ aṣọ àwọn àlejò náà. Bí ìbọn ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n ki í, wọ́n dojú rẹ̀ kọ àwọn tó ń tà á, wọ́n sì gba ilé. Asamani di ọ̀gá ibẹ̀, ó ta àsíá tirẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣòwò. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ó gba wúrà ìwọ̀n máàkì 50, ó sì dá ilé padà fún Denmark. Ṣùgbọ́n kò dá kọ́kọ́rọ́ padà! Àwọn ọba Akwamu ni wọ́n jogún rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ra ilé náà ní 1850, pẹ̀lú àwọn odi yòókù tí Denmark ní létí òkun náà, ní £10,000. Ilẹ̀ mì ní 1862, ó ba òkè ilé jẹ́. Gómìnà gbé ibẹ̀, ó kúrò. Ọlọ́pàá lò ó. Ní 1901 wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn kò pé, kí ìjọba tó padà síbẹ̀ ní 1902. Ọ̀nà ilé yìí náà ni àwọn ológun tí wọ́n ti jà ní Burma ń tọ̀ ní 28 February 1948, pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ fún gómìnà, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn.

Lẹ́yìn òmìnira 1957, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórí Ghana. Ààrẹ Kufuor ní kò dára kí ìjọba máa jókòó lórí yàrá ẹrú. Ó fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Íńdíà kọ́ ilé tuntun, wọ́n sì ṣí i ní November 2008. Àwọn alátakò ní owó náà ti pọ̀ jù. Nígbà tí Ààrẹ Mills dé ní January 2009, inú Christiansborg ló jókòó sí, ilé tuntun sì ń wò ó.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Kufuor wúwo: ta ni yóò jẹun lókè kí ó má rántí ìsàlẹ̀? Ṣùgbọ́n tí ọmọ àwọn tí wọ́n dè bá wá jókòó sórí àga ẹni tó dè wọ́n, ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré. Ní Badagry tiwa, àwọn ènìyàn ń lọ wo ilé ẹrú. Kò sí gómìnà tó ń fọwọ́ sí ìwé níbẹ̀.

Mills kú ní July 2012. Ní February 2013, Ààrẹ Mahama kó iṣẹ́ lọ sí ilé tuntun. Bí ẹ bá dé Osu, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilé náà: ọgbà tí wọ́n sin Mills sí nìyẹn.