Igbó ti tán n'Ígbó-Elérin: Bí ará Ìbà ṣe lè lọ mẹmu gidi l'Àgbádárìgì láàárọ̀, kó sì sùn sílé lálẹ́

"Igbó-Elérin wọlé o! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Bẹ́ẹ̀ làwọn kọ̀ńdọ́ ṣe máa ń pariwo ní Ìyànà-Ìbà tí wọ́n bá ń pe èrò Okokomaíkò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbùdókọ̀ náà lójoojúmọ́ ni kò rò ó rí pé igbó lẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ń wí, tó sì fi erin tì í. Lónìí, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wá igbó níbẹ̀, ẹ ò ní í rí i. Ṣọ́ọ̀bù ló kún bẹ́ẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìjọsìn àtàwọn mẹkáníìkì. Ká má tiẹ̀ dárúkọ erin rárá. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ Yorùbá, inú igbó ọba bíi Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sá pa mọ́ sí.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ará Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Okokomaíkò tó bá fẹ́ fojú rí igi, tó fẹ́ fimú gbọ́ òórùn ewé tútù, àfi kó wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ara ń fẹ́ ìsinmi. Ẹni tó ń jí laago mẹ́rin ìdájí kó tó lè débi iṣẹ́ n'Ísàlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń padà wọ Iba Estate, àwọn ilé tí Jákáńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù nígbà ayé ìjọba rẹ̀, onítọ̀hún ò jẹ̀bi tó bá lóun fẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo tóun máa fi jókòó sábẹ́ igi, tóun á sì mu ẹmu tí wọn ò bomi là. Àmọ́ tí Sátidé bá dé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn á tún bá ara ẹ̀ níbi ìnáwó ẹlòmíì, nínú aṣọ ẹbí tí kò tíì san tán. Tí kò bá sí ìnáwó, ilé ẹlẹ́mu ẹ̀yìnkùlé náà ni. Ẹmu tó ti wọ mọ́tò, tó ti jókòó sóòrùn, táwọn oníṣòwò kan ti da omi sí, tí wọ́n sì fi sákárínì tàn án jẹ kó lè dùn, ni wọ́n máa gbé síwájú ẹ̀.

Àwọn ará Cape Town ní South Africa ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn tipẹ́. Tí wọ́n bá kúrò nígboro láàárọ̀, ìrìn bíi 50 kìlómítà ló máa gbé wọn dé Stellenbosch, níbi tí oko àjàrà wà lẹ́sẹ̀ òkè, tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Wọ́n á rìn kiri, wọ́n á tọ́ ọtí wò, ó dilé. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì wakọ̀ fúnra wọn lọ́jọ́ náà, awakọ̀ tí kò ní í fẹnu kàn án ni wọ́n ń háyà. Láti Ìyànà-Ìbà dé Àgbádárìgì ò tó 50 kìlómítà yẹn. Igbó wà níbẹ̀, òkun wà níbẹ̀, ọ̀pẹ àti àgbọn sì pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà lọ. Ètò nìkan ni kì í sí. Àwọn ará ibí kàn máa ń gbéra ni, wọ́n á débẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n á yó, wọ́n á sì wá máa bá òkùnkùn du ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ẹmu ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ gbọ́, torí òun ló máa sọ aago tẹ́ni tó ń lọ máa jí. Ẹmu kì í dúró de ẹnì kan. Bó ṣe ń kán sínú kèrègbè lórí igi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, adùn ló pọ̀ nínú ẹ̀ ju agbára lọ. Tó bá fi máa dọ̀sán, adùn ti ń lọ, agbára ti dé. Nírọ̀lẹ́ ó ti ń kan, tílẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ọtí kíkan ló kù. Nítorí náà, ẹmu yòówù tí wọ́n bá gbé wọ Ọ̀jọ́, bó ti wù kó dáa tó, arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bẹ́mu ṣe dùn sí gan-an, òun ló máa dìde lọ bá a nílé ẹ̀.

Amos Tutuola mọ nǹkan tó ń sọ. Ìwé tó gbé jáde ní 1952, The Palm-Wine Drinkard, orí ọkùnrin kan ló dá lé tí adẹ́mu ẹ̀ já lórí ọ̀pẹ, tó sì kú, tí ọkùnrin náà wá wá a lọ sílùú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn yẹn deré orí ìtàgé ní 1963, Ọ̀mùtí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí yẹn ò níṣẹ́ tó fẹ́ lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè o.

Oríṣi ẹmu méjì ló wà lọ́nà Àgbádárìgì yẹn. Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n ń dá lára ọ̀pẹ tó ń so eyìn. Adẹ́mu á fi igbà gùn ún, á dá a, á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pẹ á sì máa bá ayé ẹ̀ lọ. Ìkejì ni ògùrọ̀. Igi tiẹ̀ ò fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ, àbàtà ló ń wá, bẹ́ẹ̀ àbàtà sì pọ̀ l'Àgbádárìgì. Nǹkan kan wà nípa igi ògùrọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu ún ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló máa ń yọ òdòdó láyé ẹ̀, tó bá sì ti so tán, ó kú nìyẹn. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó yẹn gan-an làwọn adẹ́mu ń dá a. Oje tí ì bá fi sọ ọmọ ló ń kán sínú kèrègbè. Ẹni tó bá ń mu ògùrọ̀, oúnjẹ ìkẹyìn igi náà ló ń bá a mu. Níbi tí àbàtà bá ṣì wà, tí kékeré ń hù tẹ̀lé àgbà, kò sí wàhálà. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti da iyanrìn sí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé, bí wọ́n ti ṣe ní ibi púpọ̀ l'Ékòó, kò sóhun tó máa hù tẹ̀lé e mọ́. Ẹmu Ìbà náà ti tán lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ní baálé ilé kan ní Iba Estate ti pinnu, òun àtìyàwó ẹ̀ àti tọkọtaya méjì míì. Ó ti ṣírò owó epo, ó ti ra súyà sílẹ̀ lálẹ́ Fúráídè. Ìyàwó ẹ̀ á bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Dádì, ta ló máa wa mọ́tò bọ̀ o?" Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ètò dá lé lórí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun lọkùnrin máa ń fi ẹ̀rín dá lóhùn jù. "Ṣé ìgo kan ló máa wá ní kémi má ríran ni?" Òfin ìrìnnà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mutí ju ìwọ̀n lọ tó sì ń wakọ̀, àwọn FRSC lè mú un, ojú títì Àgbádárìgì táwọn tirela ń gbà lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀ ò sì ní àánú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ti ilé yan awakọ̀ tó máa mu omi àgbọn lọ́jọ́ náà, tàbí kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì kékeré pẹ̀lú dírẹ́bà ẹ̀, kí wọ́n dáwó ẹ̀ jọ. Ti bọ́ọ̀sì yẹn ló dáa jù, kò sí ìjà láàárín tọkọtaya.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kí wọ́n ti fi Ìyànà-Ìbà sílẹ̀. Tó bá ti kọjá aago méje, ọjà àti dáńfó á ti gba ojú títì. Ọ̀nà náà ní ìtàn tiẹ̀, torí ọdún 2009 ni ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ará Okokomaíkò sì fi jẹ eruku ẹ̀. Rélùwéè Blue Line tí wọ́n ní ó máa dé Okokomaíkò náà, ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2, kò sì forí lé Àgbádárìgì rárá. Mọ́tò ni mọ́tò ń jẹ́. Tí wọ́n bá ti kọjá Ìjànikin àti Àgbárá, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, ọ̀pẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá á dá wọn dúró lọ́nà, torí ọ̀nà ibodè ni. Kí káálùkù mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ìwé mọ́tò sì pé. Awuyewuye ò lérè níbẹ̀, àkókò ló ń jẹ.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le díẹ̀ rèé. Ẹmu ń dùn láàárọ̀, omi náà láàárọ̀ ló rọrùn ún kọjá. Èwo ni kéèyàn kọ́kọ́ ṣe? Àwọn kan á ní ẹmu ni, torí adùn ẹ̀ ń lọ. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Ẹni tó bá mutí tán tó wá ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tó ń dìde dúró láàárín ọ̀sà kó lè ya fọ́tò, kì í ṣe ara ẹ̀ nìkan ló máa dà sómi. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ sí erékùṣù Gberefu ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àbọ̀ sí mẹ́sàn-án, kí olúkúlùkù wọ láífù-jákẹ́ẹ̀tì, kó sì dè é dáadáa. LASWA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sọ́rọ̀ ojú omi, ló ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́, àwọn náà ló ní kí ọkọ̀ má rin omi lálẹ́. Kékeré kọ́ ló ti kú l'Ékòó nítorí ohun méjì yìí.

Ní Gberefu, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn lórí iyanrìn, láàárín igbó kékeré àti igi àgbọn, títí wọ́n á fi dé etí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Ọ̀nà yẹn làwọn tí wọ́n tà lẹ́rú gbà lọ tí wọn ò bọ̀ mọ́. Kànga kan wà lọ́nà táwọn ará ibẹ̀ sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú nínú omi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn tó ń ṣàwàdà láti Ìbà wá sábà máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Tí wọ́n bá fi máa padà sígboro, ọ̀sán ti ń lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, táwọn òyìnbó ìjọ CMS parí ní 1845, ò jìnnà sétí ọ̀sà. Ibẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther gbé, tó sì ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá. Ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀ náà wà nígboro. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kírísítì ní 1842, ọdún 1959 ló sì wó. Ọjà ẹrú Vlekete wà, ilé Ṣẹ̀ríkí Abass wà, mùsíọ́ọ̀mù wà. Tí wọ́n bá ní àwọn máa wò gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò ní í rí nǹkan kan wò dáadáa. Kí wọ́n mú méjì, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ de ọjọ́ míì.

Ìgbà yìí lẹmu wá kàn, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tàbí súyà ọjọ́sí yẹn. Lóòótọ́ ló ti le ju tàárọ̀ lọ, àmọ́ ó ṣì jẹ́ ẹmu tí wọ́n dá nítòsí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàtọ̀ ẹ̀ sí ti Okokomaíkò á sì yé wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Kí wọ́n bi ẹlẹ́mu ní ìgbà tí wọ́n dá a, kí wọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó kì í bínú síyẹn.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra sí jù ni ògógóró, èyí táwọn ará Bẹ̀nẹ̀ lódì kejì ibodè ń pè ní sódàbì. Ẹmu náà ni wọ́n sè títí tó fi di líle, kò sì síbi tí wọn ò ti ní í fi lọ àlejò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, èèyàn tó lé ní 15 ló kú l'Óde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ṣókùnkùn, wọ́n dákú. Ọdún yẹn náà ni irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, táwọn èèyàn kú bí ẹni rẹ́nú, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de títa ògógóró lóṣù kẹfà. Methanol, oríṣi ọtí olóró kan tí kò ṣeé mu, ni àyẹ̀wò bá nínú rẹ̀. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, ìgo tí kò lórúkọ, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti sè é, kò yẹ kó wọ inú ọkọ̀ yẹn rárá, bí ẹni tó gbé e wá tiẹ̀ fẹ̀yìn balẹ̀ búra.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, kí bọ́ọ̀sì dojú kọlé. Kí obìnrin tó bá fẹ́ ra àgbọn rà á, àgbọn Àgbádárìgì ò lẹ́gbẹ́ l'Ékòó. Láti bíi ọdún 1876 làwọn fadá Kátólíìkì ti dá oko sílẹ̀ ní Tópò níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbọn nìkan, LASCODA. Àmọ́ kó má ra báàgì ìrẹsì òkè òkun o, bó ti wù kó pọ́n ọn tó. Láti 2016 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé e gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó wà lọ́nà ò sì ní í gbọ́ pé ìgbafẹ́ lẹ wá ṣe.

Tí baálé ilé náà bá ní dandan, òun máa gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ fáwọn aládùúgbò n'Íbà, kò burú. Kó ra èyí tí wọ́n dá nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kó má kún un dé ẹnu, kó má sì dé ìdérí ẹ̀ pinpin. Ẹmu á ṣì máa hó nínú mọ́tò, tí kò bá ráàyè mí, ìdérí á fò, gbogbo ẹ̀ á sì dà sára ìyàwó ẹ̀ kí wọ́n tó dé Ìyànà-Ìsàṣì.