Owó nìkan kọ́ ni oníṣòwò Itele fi ń yan ọ̀kadà ọ̀nà jíjìn
Oníṣòwò tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà láti Itele, tó ń gba Sango àti Ìfọ̀ dé Abẹ́òkúta, mọ̀ pé ìbàdí ló máa ń sọ bóyá ọ̀kadà dáa.

Bajaj Boxer 100 kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì tó fún àdúgbò. Bí ẹrù bá wúwo tí ọ̀nà sì jìn, Boxer 150 lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó ń jẹ epo jù ú lọ.

Kí oníṣòwò tó sanwó, kó gùn ún wò pẹ̀lú ẹrù. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tólẹ̀ dáadáa? Ṣé ìjókòó náà kò le jù? Ṣé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kò rì? Ṣé páàtì rẹ̀ wà ní Sango?

Ọjọ́ tí ẹ̀yìn ríro bá dá a dúró sílé, èrè ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.