ALÁJẸṢẸ́KÙ NI ÀWỌN TÍ Ń TỌ́JÚ OHUN ÀTIJỌ́
Ohun tí a rí nígbà tí a bẹ ọmọ wa wò ní mùsíọ́ọ̀mù

 

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa tó kọjá, lẹ́yìn tí akápò ti ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ òkè dìde. Ó ní: "Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọwọ́ ẹgbẹ́ yìí ni mo ti yá owó tí mo fi ń rán ọmọ mi obìnrin ní yunifásítì. Mo sì ń san án padà lóṣooṣù, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó lọ ṣe IT, mùsíọ́ọ̀mù ló lọ. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní òun ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku lára ère. Ṣé nítorí àtigbá eruku ni mo ṣe jẹ gbèsè?"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ojú ìyá náà, a rí i pé kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọmọ sì ni. A ṣèlérí pé a ó lọ fi ojú ara wa rí i. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, àwa mẹ́ta pẹ̀lú ìyá náà wọ mọ́tò, ó di mùsíọ́ọ̀mù.

IṢẸ́ KÍ NI WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀?

Ẹni tí kò bá ní akẹ́kọ̀ọ́ nílé lè má mọ ohun tí IT jẹ́. Ní ọdún 1971 ni ìjọba dá àjọ tí à ń pè ní ITF sílẹ̀. Ní 1973 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kúrò nínú kíláàsì lọ kọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an. Ọmọ wa yìí yóò lo oṣù mẹ́fà. Bí a bá wò ó dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Mùsíọ́ọ̀mù náà kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ti dá èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1945, láti máa ṣọ́ àwọn ère òkúta ìlú náà. Ti Jọ́ọ̀sì ṣí ní 1952, ti Oníkàn ní Èkó sì ṣí ní 1957. Ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ilẹ̀ Áfíríkà níṣẹ́. Ní 1998, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tún ṣí ní Porto-Novo, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó máa dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí àtigbá eruku nìkan.

"MÀMÁ MI, Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN"

Nígbà tí a wọ yàrá iṣẹ́, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa. Ó wọ aṣọ funfun gígùn, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ kan wà lórí tábìlì. Bí ìyá rẹ̀ ṣe na ọwọ́ sí i báyìí, ọmọ náà ní: "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ìyá ní: "Èmi tí mo bí ọ? Kí ló dé, ṣé ọwọ́ mi dọ̀tí ni?"

Ọmọ náà tún kúnlẹ̀. Ó ní: "Rárá o, Màmá. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́ gbogbo wa. Bí ó bá kan idẹ, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí àmì ìka á fi hàn lára rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èmi náà wọ ìbọ̀wọ́." Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ó wá fi iṣẹ́ hàn wá. Kí ó tó ṣe ohunkóhun sí nǹkan, ó ní láti wò ó, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: irú ohun tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, ibi tó ti sán, ibi tí ọ̀dà ti bó, ibi tí ẹlòmíràn ti tún ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè lẹ́yìn ogún ọdún pé ta ló dá ọgbẹ́ yìí sí i lára, ìwé á fèsì. Inú akọ̀wé wa dùn púpọ̀ sí èyí.

Lẹ́yìn náà ni búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Eruku tí ìyá rẹ̀ fojú kéré, ọ̀tá gbáà ni. Eruku a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, kòkòrò a sì máa rí oúnjẹ nínú rẹ̀.

Ère igi kan wà tí ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyẹ̀fun kan wà bí ẹ̀lùbọ́. Ọmọ náà ní bí ìyẹ̀fun tuntun bá ń jáde, kòkòrò ṣì wà láàyè nínú igi nìyẹn. Wọn kì í da kẹrosíìnì sí i. Wọ́n á di ère náà sínú nylon pinpin, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ òkísíjìn kúrò nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí kòkòrò á fi kú. Fún ọ̀pọ̀ aṣọ, wọ́n lè dì í sínú nylon kí wọ́n sì gbé e sínú firísà tó tutù gan-an fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Idẹ náà ní àìsàn tirẹ̀. Bí iyọ̀ bá ti wọ ara rẹ̀, bóyá níbi tí wọ́n sin ín sí, tí ọ̀rinrin sì bá a, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé á máa sú jáde, á sì máa jẹ idẹ lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni ìgbẹ. Wọ́n á kó idẹ náà sínú àpótí pẹ̀lú àwọn hóró tí ń fa omi mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta bàtà mọ̀ ọ́n: òun ló wà nínú àpò kékeré tí ẹ̀ ń bá nínú páálí, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́.

Òfin kan ló ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí o má ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ní lè tú. Bí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tó fọ́, wọ́n á wá irú èyí tí a lè yọ́ kúrò lọ́jọ́ iwájú. Àwọn àgbà ṣáà ti wí pé ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í ni ni lára.

ÌWÉ ẸGBẸ́ TÍ A FI ỌWỌ́ ARA WA BÀ JẸ́

Níbi tí a dé yìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ojú ara wa. Ẹ rántí pé ní 2019, òjò já páànù òfíìsì wa, omi sì wọ inú ìwé ńlá tí a ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sí. Kí ni a ṣe? A sá a sí oòrùn gangan. Èyí tí kò gbẹ, a yán an lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ojú ìwé tó lẹ̀ mọ́ra, a fi ọwọ́ ya á. Báyìí ni owó ọdún méjì ìyá wa kan tí ń ta ata ṣe pòórá nínú ìwé. Díẹ̀ ló kù kí ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ohun tó gbà á là ni pé ó ti fi nylon di káàdì tirẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì.

A sọ ọ́ fún ọmọ náà, kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó ní bí omi bá wọ ìwé, kí a má fagbára ṣí i. Kí a fi bébà funfun tí a kò kọ nǹkan sí sáàárín ojú ìwé tó bá ṣí fúnra rẹ̀, kí a máa pààrọ̀ bébà náà bó bá ti rẹ, kí fáànù sì máa fẹ́ sí i lábẹ́ òjìji. Kí a tètè ṣe é, nítorí láàárín ọjọ́ méjì ìwé tútù lè bẹ̀rẹ̀ sí bu. Bí ìwé bá pọ̀ ju agbára wa lọ, kí a fi nylon dì wọ́n, kí a kó wọn sí firísà. Èyí kò ní gbẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní bu títí a ó fi rí olùrànlọ́wọ́.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ OHUN ÀTIJỌ́ NÍLÉ

A ní kí ó fún yín ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Ohun tó sọ nìyí:

1. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ ìyá ńlá yín. Ọsàn á jẹ ẹ́, eérú á ha á. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ rírọ̀ nù ún.
2. Sányán, ẹtù àti àlàárì tó ti gbó, ẹ má ká a sójú ìlà kan náà lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni yóò ti já. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ yí ọ̀pá páálí, kí ẹ wá ká a lé e lórí bí ẹní.
3. Ẹ má sá àdìrẹ àtijọ́ sí oòrùn pẹ́. Aró tí oòrùn bá ti fà kì í padà.
4. Ẹ má gbé àpótí aṣọ lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kí ó fara ti ògiri. Ikán àti ọ̀rinrin ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù.
5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni ín, ta ló hun ún, ọdún wo ni. Nǹkan tí kò ní ìtàn mọ́ ti sọnù ní ìlàjì.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé gáréèjì. Níbẹ̀ ló ti ní ẹtù ìyá òun wà nílé, nínú báàgì, tí òun ti ká sójú ìlà kan náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ìyá náà. Ó ní bí ọmọ bá wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ tú u. Ní ti gbèsè, ó ní òun á san án pé, òun kò sì ní ráhùn mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ wo orúkọ tí à ń jẹ́: alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọ̀la. Owó ni àwa ń ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó bí wa ni ọmọ yìí ń kọ́ láti ṣẹ́ kù. A ti gbé e síwájú ìgbìmọ̀ pé kí a ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin fún ìwé ẹgbẹ́, kí a sì gbé e kúrò lábẹ́ páànù tó ń jò. Ẹ jẹ́ kí a fọwọ́ sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ó dìgbà kan ná.