Àáró Sọ́fítíwià fún Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìlá jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ìbátan wọn ní Òmù-Àrán, ní Ẹ̀sìẹ́ àti ní Àjàṣẹ́-Ìpo kò jẹ níbẹ̀, nítorí pé ààlà tí òyìnbó fà ti gbé wọn sí ìhà Àríwá. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìlà orí ìwé ni ó pín wọn níyà. Ẹni tí òkúta bá ti gún lẹ́sẹ̀ rí, ó yẹ kí ó máa wo ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Ààlà mìíràn tún ń jáde lónìí, ti kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ sílé mọ̀ pé rírà nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tí kò ní sọ́fítíwià dà bí ilé-ìwé tí kò ní olùkọ́: ògiri wà, àga wà, ẹ̀kọ́ ni kò sí.

Sọ́fítíwià kan wà tí a ń fi owó rà, tí olówó rẹ̀ kò sì gbà kí a dà á kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lo èyí tí a jí dà kọ, àrùn kọ̀ǹpútà a sì bá a wọlé. Òmíràn wà tí àwọn tí ó ṣe é fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò, láti dà kọ àti láti pín. Richard Stallman kéde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1983. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Finland, gbé Linux jáde ní 1991. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, sì gbé Ubuntu jáde ní 2004.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo èrè tí ó wà níbẹ̀. LibreOffice yóò bá yín kọ lẹ́tà, yóò sì bá yín ṣírò máàkì. GCompris wà fún àwọn ọmọ kéékèèké. Kiwix yóò gbé Wikipedia, àní ti èdè Yorùbá pàápàá, wá sínú kíláàsì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ubuntu ní ètò ìtẹ̀wé Yorùbá nínú, kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ má baà di ọ̀kan náà nínú ìwé ìdánwò. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni Linux lè sọ di ọ̀tun.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni a ń wá ẹgbẹ́ sí? Sọ́fítíwià jẹ́ ọ̀fẹ́, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ubuntu ti ọdún 2024 ju gígábáìtì 5 lọ. Bí ogún olùkọ́ bá gbà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n san owó nígbà ogún. Bí ẹnì kan bá gbà á, tí ó fi fíláàṣì gbé e kiri, owó ẹ̀ẹ̀kan ni. Àáró tí àwọn baba wa ń ṣe lóko náà nìyẹn.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí àwọn olùkọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì méjì, kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp fún ìbéèrè, kí àwọn ọmọ wa ní Èkó àti ní London lè dá sí i. Kí a má pín ohun tí a kò láṣẹ láti pín. Kí a gba ohun gbogbo láti orísun rẹ̀ gan-an. Kí a yẹ fíláàṣì wò kí a tó kì í bọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Ẹ jẹ́ kí a bẹ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ ń pín ìrẹsì nígbà ìbò, ẹ ra fíláàṣì fún àwọn olùkọ́ yìí, kí ẹ má sì lẹ àmì ẹgbẹ́ yín mọ́ ọn. Ìrẹsì a tán lọ́la. Ìmọ̀ a máa bímọ.

Ẹ̀sìẹ́ ni a ti dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1945. Ilẹ̀ tí ó ṣáájú nínú títọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba kò gbọdọ̀ kẹ́yìn nínú fífi irinṣẹ́ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.