Leland Hartwell àti Ìwúkàrà

Nígbà tí mo sọ ní yàrá wa pé n óò kọ̀wé nípa ọkùnrin tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ìwúkàrà, ẹ̀rín ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí rín. Wọ́n ní kí ni ó wà lára ohun tí ń mú búrẹ́dì wú, tí ó sì ń mú ẹmu hó? Mo ní ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ni.

Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni a bí Leland Hartwell sí ní 1939. Ohun tí ó ń wá ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín sí méjì, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá pínpín dúró ni ó ń di jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ṣòro fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà ni ó ṣe yà sọ́dọ̀ ìwúkàrà, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ.

Ọgbọ́n tí ó dá ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bí a bá ń fi ọ̀wẹ̀ mọ ilé, tí àwọn apọnmi kò wá, ìdí pípo amọ̀ ni iṣẹ́ yóò ti dúró. Ibi tí iṣẹ́ dúró sí ni a ó fi mọ ẹni tí kò wá. Hartwell fi kẹ́míkà ba jíìnì ìwúkàrà jẹ́, ó sì ṣa àwọn tí ń pín dáadáa níbi tútù, ṣùgbọ́n tí kò lè pín nínú ooru. Bí ìwúkàrà bá fẹ́ pín, kókó kan a yọ lára rẹ̀, èyí tí yóò dàgbà di ọmọ. Bí kókó náà ti tóbi tó ni ènìyàn fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dúró sí. Brian Reid, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Washington, wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ní 1970. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí yangàn díẹ̀!) Nígbà tí ó fi di 1973, wọ́n ti mọ jíìnì 32.

Kí ni ó kan ènìyàn níbẹ̀? Ní 1987, Melanie Lee àti Paul Nurse ní London fi jíìnì ènìyàn sínú oríṣi ìwúkàrà mìíràn tí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìwúkàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín! Ní 1988, Hartwell àti Ted Weinert tún fi hàn pé jíìnì kan wà, RAD9, tí ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró bí DNA rẹ̀ bá bàjẹ́, títí àtúnṣe yóò fi dé bá a.

Òun, Nurse àti Tim Hunt ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ní yàrá wa ti yá ìwé tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí. Kò tíì dá a padà.