Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Agbára tó fara pamọ́ sínú táyà tírélà

Tírélà tó ń ti Adó-Èkìtì bọ̀, tó gba Ìyìn àti Ìgèdè lọ sí Àrámọkọ, lè yà sọ́dọ̀ fọkanáísà nígbàkigbà. Afẹ́fẹ́ inú táyà rẹ̀ lè tó 100 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí rímù oní-íǹṣì 20, ìyẹn ń fi agbára tó ju tọ́ọ̀nù 10 lọ ti òrùka irin tó di táyà mú. Bí òrùka náà ò bá jókòó dáadáa, tó wá fò, kò sí ẹni tó lè yára yẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà, láti 1980, fi ní kí wọ́n gbé irú táyà bẹ́ẹ̀ sínú àgò irin kí wọ́n tó pọ́ǹpù rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọmọ iṣẹ́ tó ń kúnlẹ̀ síwájú rímù. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra rọ́bà gígùn tí ẹnu rẹ̀ ń di fáàfù mú fúnra rẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, lókèèrè.

Táyà tí wọ́n ti fi rìn nígbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ gan-an, ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó pọ́ǹpù rẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ lè ti já.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tú táyà kúrò lára ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ inú fáàfù táyà méjèèjì tó so pọ̀ lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ẹ ki wáyà tín-ín-rín bọ ihò fáàfù kọ̀ọ̀kan: ìdọ̀tí lè dí fáàfù, kẹ́ ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ti tán.